Ọkọ̀ Láwàlì ní Kémta

Láfẹ́nwá ni mo ti ń tún lọ́rì ṣe, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí Bàbá Jùbrílù kọ́kọ́ wá bá mi. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1948 ni, ọyẹ́ sì ń fẹ́ gan-an. Mo wà lábẹ́ lọ́rì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí, ẹsẹ̀ àgbàlagbà nínú bàtà aláwọ tó ti gbó. Kò tilẹ̀ kí mi kú iṣẹ́.

Ó ní, "Ṣé ìwọ ni Dìran tó lọ sí Bọ́mà?"

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú àárọ̀, sà."

"Ṣé o mọ Láwàlì, ọmọ èmi Jùbrílù, ní Kémta? Dírẹ́bà ni wọ́n fi í ṣe lọ́hùn-ún."

Mo fa ara mi jáde lábẹ́ ọkọ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo sì sọ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Àwa tí a ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ pọ̀, wọ́n sì fọ́n wa káàkiri. Ẹ̀yìn ibi tí ogun ti ń jà lèmi wà, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àwọn sójà ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bàbá Jùbrílù mi orí bí ẹni tí ìdáhùn náà ti mọ́ lára. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ní ọkọ̀ kan nílé tí òun fẹ́ kí n wá wò.

Ẹ̀yìn ilé ni ọkọ̀ náà wà, lábẹ́ igi ìṣin kan. Píkọ́ọ̀pù ni, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Òun ni Láwàlì fi ń kó obì bàbá rẹ̀ láti àwọn oko ọ̀nà Owódé wá sí Láfẹ́nwá. Nígbà tí ogun dé, tí táyà di ohun tí a kò rí rà mọ́, tí ìjọba sì ń fi ìwé pín epo bẹntiróòlù, ó gbé ọkọ̀ náà gun òkúta mẹ́rin, ó fi ẹní bò ó, ó sì lọ wọṣẹ́ sójà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí ọkọ̀ náà ti wà bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ti ń yé sórí àga dírẹ́bà. Koríko ti gba àárín pákó ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta, ikán sì ti jẹ pákó náà débi pé nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló wọlé bí àkàrà. Mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, mo rí i pé eku ti jẹ gbogbo wáyà tán. Mo ki irin bọ iwájú rẹ̀ láti yí i, kò mì rárá.

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ yìí ti kú."

Ó ní, "Kò kú. Ó kàn dúró ni. Bá mi tún un ṣe. N kò fẹ́ kí Láwàlì dé kó wá bá a báyìí."

Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ìwé kan hàn mí. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá sójà ni, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ti fàya níbi tí wọ́n ń ká a sí. Ìwé náà sọ pé ìjà kan ṣẹlẹ̀ létí odò kan ní Bọ́mà ní oṣù kẹta ọdún 1944, pé wọ́n wá Láwàlì lẹ́yìn ìjà náà, wọn kò sì rí i. Kò sọ pé ó kú. Nítorí pé kò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Jùbrílù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fìdáù ọmọ rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo máa ń lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí mo bá ti kúrò ní Láfẹ́nwá, mo sì máa ń fi gbogbo ọjọ́ Sátidé síbẹ̀. Mo tú orí ẹ́ńjìnnì náà, mo da epo òyìnbó sínú rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, nígbà tí mo gbé gbogbo ara mi lé irin náà, ó fi díẹ̀ yí. Bàbá wà lórí àpótí níbi tó máa ń jókòó sí, ó rí i, ó sì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò sí ọjọ́ tí kò ní bi mí ní ìbéèrè. Ǹjẹ́ òjò ibẹ̀ dà bí òjò tiwa? Ṣé àwọn ará ibẹ̀ lè fún àlejò ní omi mu? Ṣé àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wọn? Bí ènìyàn bá ṣìnà nínú igbó ibẹ̀, ọjọ́ mélòó ni yóò fi rìn kó tó dé ibi tí ènìyàn wà? Mo ń dá a lóhùn bí mo ti lè ṣe é. Nígbà míì mo máa ń dibọ́n pé bóòtì irin kan tí mo ń tú ló le jù fún mi, kí n lè pa ẹnu mọ́.

Sìlífátù ni ìyàwó Láwàlì. Oṣù márùn-ún péré ni wọ́n ti gbéyàwó kí ọkọ rẹ̀ tó lọ, wọn kò sì bímọ. Aṣọ ló ń rẹ láró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan tí mo ń wo bíréèkì rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Bùrọ̀dá Dìran, ọ̀tún ló máa ń fà bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Láwàlì máa ń bínú sí i." Mo wò ó, bóòtì kan ló ti jẹ dànù lápá ibẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Ní nǹkan bí oṣù kẹrin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá délẹ̀. Télọ̀ kan wà ní Ṣàpọ́n, Sàlàhúdíìnì lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun ló fẹ́ fẹ́ Sìlífátù. Àwọn àgbà ìdílé àti Lèmọ́mù jókòó, wọ́n ní ọdún mẹ́rin ti pé tí kò ti sí ìròyìn ọkọ, obìnrin náà sì kéré lọ́jọ́ orí. Kí ó ka ọjọ́ opó rẹ̀ pé, bí ààwẹ̀ bá ti parí kí wọ́n so yìgì. Bàbá Jùbrílù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin. Ó ní òun gbà. Kò sí ẹni tó rò pé yóò gbà wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀, kò sì jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ìṣe mi. Wọ́n ní kí n wọlé sí yàrá rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Sìlífátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ago ẹ̀kọ mímu tó ti tutù.

Bàbá ní, "Dìran, tú ọkọ̀ náà. Mú èyí tó bá wúlò fún ọ nínú rẹ̀. Ìyókù, kí àwọn alágbẹ̀dẹ wá kó o."

Mo jókòó tì í. Egungun ìhà rẹ̀ ń hàn, èémí rẹ̀ sì ń yọ ní díẹ̀díẹ̀. Bàbá tèmi kú nígbà tí mo wà ní Bọ́mà, n kò sí níbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun. N kò fi ìyẹn ṣe àwáwí. Mo kàn ń sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo la ẹnu.

Mo ní, "Bàbá, mo rí ẹnì kan ní Kàlìkọ́tà."

Ibà ti gbé mi dálẹ̀ ní Kàlìkọ́tà, ìlú tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn láti Bọ́mà lọ, lóòótọ́, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù àwọn sójà. Òótọ́ yìí ni mo fi wọ irọ́ náà láṣọ. Mo ní ọmọ Ẹ̀gbá kan wà ní ibùsùn kẹta sí tèmi, tí ogun ti da iyè rẹ̀ rú, tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ. Mo ní mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń pè é ní Láwàlì.

Bàbá yí padà, díẹ̀díẹ̀. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Kò dá mi lójú ni, sà."

"Ṣé ó wá dá ọ lójú báyìí?"

Mo lè dá irọ́ náà dúró níbẹ̀. Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Ó na ọwọ́ sí Sìlífátù fún ago ẹ̀kọ náà, ó sì mu ún tán ní tútù tó wà. Mo rò pé mo ti ṣe rere. Mo rò pé, bí ara rẹ̀ bá ti le tán, mo máa sọ fún un ní jẹ́jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ojú ti tàn mí jẹ.

N kò ráyè. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo Kémta ti gbọ́. Lèmọ́mù ránṣẹ́ pè mí. Àwọn àgbà ìdílé pé síbẹ̀, Sàlàhúdíìnì náà sì wà níbẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ sórí itan.

Lèmọ́mù ní, "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, n kò ní gbé Kùránì fún ọ láti fi búra. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́ wa. Ohun tí o rí, sọ ọ́."

Bàbá Jùbrílù ń wò mí. Ó ti fá irun orí rẹ̀, ó wọ agbádá. Mo tún irọ́ náà pa. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi kún un: mo sọ bí ojú fèrèsé ọsibítù náà ṣe rí, mo sọ pé ó máa ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹnì kan lára àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lèmọ́mù ní ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè kò ṣeé so yìgì fún. Sàlàhúdíìnì dìde, ó kí àwọn àgbà, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí Sìlífátù wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó gbé e dúró.

Ó ní, "Bùrọ̀dá Dìran, ẹni tí ẹ rí yẹn, ṣé ẹ rí ọwọ́ rẹ̀?"

Mo ní, "Mo rí i."

"Ọwọ́ wo ni ìka rẹ̀ ti gé?"

Mo rò ó. Mo ní, "Ọwọ́ òsì."

 Mo ń gbọ́ ìró àwọn obìnrin tí ń lu aṣọ ní ilé kejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Kò sí ìka tó gé lọ́wọ́ Láwàlì."

Mo gbé sípánà ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn. Bí èmi bá sọ ọ́, wọn á ní nítorí ọkọ tuntun ni. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo ní mo máa sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ kí ara Bàbá le díẹ̀ sí i. Ó wò mí láti òkè, ó dìde, ó sì lọ.

Ara Bàbá le. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò tún ọ̀rọ̀ pé kí ọkọ̀ náà kàn máa rìn sọ mọ́, ó fẹ́ kó dára ju bí Láwàlì ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó ní kí n wá síprìǹgì tó le ju ti àkọ́kọ́, nítorí ọ̀nà Owódé ti bàjẹ́. Mo yọ bíréèkì onírin àtijọ́ kúrò, mo fi ti ọkọ̀ sójà sí i, èyí tí ń fi omi bíréèkì ṣiṣẹ́. Mo wá táyà ológun mẹ́rin láti Èkó. Káfíńtà kan láti Ìjẹ̀mọ̀ fi igi ìrókò kan ẹ̀yìn tuntun fún un, ó ṣe òrùlé sí i, ó sì ṣe ìjókòó gígùn méjì tó ṣeé ká sókè, kí ó lè kó èrò bí kò bá sí ẹrù. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé. Bàbá ní kí n gbé àga dírẹ́bà sókè díẹ̀, kí n fi tìmùtìmù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ẹni tó ti pẹ́ ní ibùsùn, ẹ̀yìn a máa dùn ún.

Gbogbo bóòtì tí mo bá fún le, mo ń sọ fún ara mi pé mo máa sọ ọ́ lọ́la. Iṣẹ́ náà dára. N kò tíì tún ọkọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tíì tún irú rẹ̀ ṣe láti ìgbà náà. Ó ń tì mí lójú pé inú mi máa ń dùn bí mo bá fọwọ́ kàn án.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó parí. Ọdún náà ni àwọn obìnrin ń rọ́ lọ sí Aké nítorí owó orí. Sìlífátù bá wọn lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà dé, ó sì ń bá aró rẹ̀ lọ. Kò bi mí ní nǹkan mọ́. Bí mo bá dé, á kí mi kú iṣẹ́, á sì wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án, ìròyìn dé pé Sàlàhúdíìnì ti fẹ́ obìnrin kan láti Ìkèrèkú. N kò lè dá a lẹ́bi. Ọjọ́ náà, Sìlífátù rẹ aṣọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó wá ṣẹ́ mi lápá ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Adérónkẹ́. Ó wá bá mi ní Láfẹ́nwá ní oṣù kọkànlá, ó fi aṣọ wé fọ́tò kan. Ọmọ rẹ̀ ni, ó wọ aṣọ sójà, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà kò padà dé.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ rí ọmọ Kémta ní ọsibítù kan lọ́hùn-ún, àwọn tí orí wọn dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tèmi dáadáa. Bóyá ó wà ní ibùsùn mìíràn."

Mo wo fọ́tò náà. Mo sọ fún un pé n kò rí i. Ó ní kí n tún un wò. Mo tún un wò. Nígbà tó lọ, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gba Kémta lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo bá Bàbá lẹ́yìn ilé, ó fi aṣọ ń nu iwájú ọkọ̀ náà. Ìwé kan wà lórí àpótí rẹ̀. Ó ti ní kí akọ̀wé kan bá òun kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá sójà ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ, èsì sì ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kí n kà á. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn wo ìwé gbogbo ọsibítù ibẹ̀, pé kò sí Láwàlì tó ti Abẹ́òkúta wá nínú wọn; pé pẹ̀lú bí ó ti pẹ́ tó, àwọn ti gbà pé ó kú ní ọjọ́ ìjà náà.

Mo kà á fún un bó ṣe wà, n kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ó ń nu ọkọ̀ lọ.

Ó ní, "Ṣé o rí i? Wọn kò mọ nǹkan kan. Ìwọ tó fojú rí i ló wà níhìn-ín yìí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Erùpẹ̀ wọ ẹnu mi. Mo ní, "Bàbá, n kò rí i. N kò rí ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni mo pa, nítorí ẹ kò jẹun. Òótọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn."

Mo gbọ́ tí aṣọ tó fi ń nu ọkọ̀ dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún padà.

Ó ní, "Ta ló rán ọ? Ṣé àwọn ará ilé Sìlífátù ni?"

"Kò sí ẹni tó rán mi, sà."

"O rí i. O sọ bí fèrèsé ṣe rí. O sọ pé láàárọ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀. Láwàlì kì í sùn di ọ̀sán láti kékeré, ta ló sọ ìyẹn fún ọ? Dìde, Dìran. Àárẹ̀ ló mú ọ."

Mo lọ bá Lèmọ́mù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọ méjì níwájú àwọn àgbà, èwo ni kí òun mú nínú rẹ̀? Ó ní ìdílé ni yóò pinnu. Àwọn àgbà ìdílé ní àwọn ará ilé Sìlífátù ti fi owó ra ẹnu mi. Àwọn kan gbà mí gbọ́, wọn kò sì fẹ́ sọ ọ́ lójú Bàbá. Ẹlẹ́rìí tí mo fi ara mi ṣe, n kò rí i pa rẹ́ mọ́.

Sìlífátù kó ẹrù rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1949, ó padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Owódé. Ìyàwó Láwàlì ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ obìnrin tí wọ́n ní ọkọ rẹ̀ wà láàyè ní ọsibítù kan.

Ọkọ̀ náà wà ní Kémta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà á. Bàbá bẹ̀ mí pé kí n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí, kó má baà tún gan. Mo sì ń lọ. Bí mo bá ti ta á jí, Bàbá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó dírẹ́bà, á fi àga náà sílẹ̀ ní òfìfo, á máa gbọ́ ìró rẹ̀ títí epo yóò fi lọ sílẹ̀. Ìró náà mọ́ kedere. Kò sí àléébù kan lára rẹ̀.

Mo lọ sí Owódé lẹ́ẹ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá Sìlífátù ló jáde sí mi ní ìloro, ó ní ọmọ òun wà lóko. Mo rí bàtà Sìlífátù lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí ìkòkò aró méjì tí èéfín ń jáde lábẹ́ wọn. Mo ní mo lè dúró dè é. Ìyá náà gbé àpótí fún mi, ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí lọ́rì ìkẹyìn tó ń lọ sí Abẹ́òkúta fun fèrè lójú títì, mo dìde, mo gbọn àtẹ̀yìn ṣòkòtò mi, mo sì lọ wọ̀ ọ́.